ABALA ILÉ: ÈWO NI KÍ A KỌ́KỌ́ ṢE SÍ Ẹ́ŃJÌNÌ ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ?

Nínú àwọn ọ̀ràn tí í máa fa ọ̀rọ̀ gígùn nínú ilé ẹni tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀kan wà tí àwa kò lè ṣàì mú wá sí abala yìí, nítorí pé owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, ẹ̀mí ènìyàn sì so mọ́ ọn pẹ̀lú. Ọ̀ràn náà ni èyí: bí agbára ọkọ̀ kò bá tó bí a ti fẹ́, tí owó tí a rí kó jọ kò sì tó ju ohun kan lọ, èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe sí ẹ́ńjìnì rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Ilé-Ifẹ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ, irú ilé tí ó pọ̀ láàrin wa. Baba ni ó ni ọkọ̀, Mercedes 911 tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Náìnì-Ìlẹ́fùn; àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni ó sì ń wà á. Ní àkókò kòkó, wọn a kó kòkó láti Olódé àti Ìfẹ̀tẹ̀dó wá sí ìlú; nígbà tí kòkó bá sì tán, wọn a kó pákó tàbí sìmẹ́ńtì, wọn a gba Ìléṣà kọjá lọ sí ìhà Èkìtì. Òkè tí ó wà láàrin Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni ó ń dá wọn lágara. Ẹni tí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí mọ̀ bí ọ̀nà náà ti ga tó, àti bí ó ti lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ a máa wọ́ bí ìgbín, tí èéfín dúdú a bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn a sì máa fọn fèrè lé e lórí.

Nígbà tí owó díẹ̀ wọlé, ọmọ wí pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a fi tọ́bò sí i. Bí a bá ti fi tọ́bò sí i, òkè náà yóò di pẹ̀tẹ́lẹ̀." Mẹkáníìkì wọn wí pé, "Alàgbà, ẹ má wulẹ̀ ná owó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú ìdè pọ́ǹpù díẹ̀, kí epo lè máa wọlé dáradára. Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni ẹ ó san." Ìyá àwọn ọmọ wí pé, "Bàbá wa, bí ọkọ̀ yóò ti gun òkè kọ́ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí yóò ti sọ̀ kalẹ̀ ni." Baba dákẹ́, ó ń ka owó lọ́kàn, nítorí pé owó ilé ìwé àwọn àbúrò awakọ̀ wà nínú owó kan náà.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Tọ́bò a máa fi agbára kún ẹ́ńjìnì. Epo púpọ̀ náà a máa fi díẹ̀ kún un. Bíréèkì a sì máa gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ètò ṣe pàtàkì. Ìdáhùn tiwa ni pé kí owó àkọ́kọ́ lọ sí ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Kí èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ sí gbígba agbára tí ẹ́ńjìnì ti ní tẹ́lẹ̀ tí ó sì ti sọnù padà. Kí agbára tuntun wá gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí a bí ní ọdún 1858, ni ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú ẹ́ńjìnì yìí ní ọdún 1892. Ní ọdún 1897, ní ìlú Augsburg, ni èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ dáradára jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣá iná. Afẹ́fẹ́ ni a kọ́kọ́ fi písítìnì tẹ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná janjan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá tú epo sí i, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà afẹ́fẹ́ ni olórí oúnjẹ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì. Kílò epo kan ń fẹ́ ju kílò 14 afẹ́fẹ́ lọ kí ó tó lè jó tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ọmọ Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, nígbà tí a ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmoníjẹ̀ nítòsí ààfin, a hú àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn kàn yí ayé ká. Àwọn baba tí ó yọ́ idẹ wọ̀nyẹn mọ̀ pé èédú nìkan kò lè yọ́ ohunkóhun. Ẹwìrì ni í fẹ́ iná títí yóò fi mú. Bí a bá lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lónìí, tí a da èédú agbọ̀n kan lé iná rẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí ó fi ẹwìrì fẹ́ ẹ, èéfín ni yóò pọ̀, irin kò ní í pọ́n.

Ohun tí mẹkáníìkì ilé yìí fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ da èédú lé iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó. Èéfín dúdú tí ọkọ̀ náà ń tú lórí òkè ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé epo tí ń wọlé ju èyí tí afẹ́fẹ́ lè jó lọ. Bí a bá tún fi epo kún un, díẹ̀ ni yóò di agbára, èyí tí ó kù yóò di èéfín àti ooru. Ooru náà kì í sì í ṣe ohun eré. Álúmíníọ̀mù ni a fi ń ṣe písítìnì púpọ̀, ó sì ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, èyí tí omi ń hó ní 100 rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni ó ti bàjẹ́ lórí òkè nípa báyìí, tí olówó wọn sì rò pé ayé ni ó ń ṣe òun. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní oṣù kìíní ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tó 400 náírà ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ń sọ epo di èéfín, owó ni ó ń dáná sun. Iṣẹ́ tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú yìí ni ó wọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó kàn. Kí ni tọ́bò? Ẹwìrì ni. Nínú agbára tí ó wà nínú epo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ó ń di iṣẹ́. Èyí tí ó kù ń bá ooru lọ, apá kan gba inú omi ráàdíétọ̀, apá kan gba inú sàlẹ́ńsà jáde. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1905 lórí ọgbọ́n kan tí ó fi èéfín tí ń jáde lọ lásán yí abẹ̀bẹ̀ kan, kí abẹ̀bẹ̀ náà lè yí èkejì tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú sílíńdà. Ohun tí à ń sọ nù ni ó wá di ẹwìrì fún wa. Ọgbọ́n rere ni, àwa kò sì ní í bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ́ńjìnì Mercedes tí a ń pè ní OM 352, tí ó ní sílíńdà mẹ́fà, kò ju nǹkan bí 130 agbára ẹṣin lọ láìsí tọ́bò; èyí tí ilé iṣẹ́ náà fi tọ́bò sí kọjá 150. Nítorí náà ọmọ kò ṣì í sọ.

Ṣùgbọ́n tọ́bò kì í tún ẹ́ńjìnì ṣe. Ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni í sọ di púpọ̀. Bí ó bá bá sílíńdà tí ó ti jẹ, yóò mú un jẹ sí i. Bí ó bá bá ráàdíétọ̀ tí ó ti dí, ooru tí ó ń mú wá kò ní í rí ibi gbà jáde. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè yí ju 50,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì nìkan ni ó sì dúró lé. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò, kò ní í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnì tí ó ní tọ́bò láti ilé iṣẹ́ a máa pèsè písítìnì, ọ́ìlì àti omi rẹ̀ sílẹ̀ de iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ra tọ́bò tókúńbọ̀ kan, tí ó sì dè é mọ́ ẹ́ńjìnì ogbó, ẹwìrì ni ó rà, kò ra àgbẹ̀dẹ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a fetí sí ìyá, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó jinlẹ̀ jù. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára ọkọ̀ náà. Àwọn tí ó ṣe é kò kọ 911 síbẹ̀ lásán. 9 dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀. 11 dúró fún 110 agbára ẹṣin. Májẹ̀mú ni a kọ sí ara ọkọ̀ yìí: ìwọ̀n ẹrù báyìí, agbára báyìí, àti bíréèkì tí ó bá ìwọ̀n ẹrù náà mu. Ẹni tí ó bá fi agbára kún un yí apá kan nínú májẹ̀mú náà padà. Bíréèkì kò sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí ó sì wà níbẹ̀ ni pé agbára tuntun a máa pe ẹrù tuntun. Kò sí ẹni tí yóò fi tọ́bò sí ọkọ̀, tí ọkọ̀ yóò wá máa gun òkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí kò ní í wí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ fi àpò díẹ̀ kún un, yóò gbé e." Òtítọ́ sì ni, yóò gbé e gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ni í gbé ẹrù gòkè. Bíréèkì ni í gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo agbára tí a fi gbé àpò wọ̀nyẹn dé orí òkè Ẹ̀fọ̀n ń dúró de awakọ̀ ní ìhà kejì, bíréèkì sì ní láti sọ ọ́ di ooru. Bí bíréèkì bá gbóná rékọjá, kò ní í lè di àgbá mú mọ́, bí ó ti wù kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí kò ní àléébù kankan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ a ṣe máa já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí yóò sì wọ inú ọjà tàbí inú ilé onílé. Àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà kò bá wa dá sí ọ̀rọ̀ tọ́bò. Kò tọ́ kí wọ́n san owó rẹ̀.

Nítorí ìdí èyí, bíréèkì kò sí nínú ètò tí a fẹ́ tò sí ìsàlẹ̀ yìí; ó ṣáájú gbogbo ètò. Kí a yẹ awọ bíréèkì wò ní àgbá kọ̀ọ̀kan, kí a wo ọ̀nà tí omi tàbí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà bóyá ó ń jò, kí a sì wo táyà. Kí awakọ̀ sì di òfin àtijọ́ mú, pé jíà tí a fi gun òkè ni kí a fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè bá bíréèkì fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí a bá ti ṣe èyí tán, kí a wá tẹ̀ lé ètò yìí.

Èkínní, afẹ́fẹ́. Ọ̀nà oko kòkó wa kún fún erùpẹ̀ pupa, nígbà ọyẹ́ sì ni ó burú jù. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá dí, ẹ́ńjìnì kò lè mí, yóò sì tú èéfín dúdú bí ẹni pé epo rẹ̀ ni ó pọ̀. Kí a fi tuntun sí i, kí a wo rọ́bà tí ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì bóyá ó ti là, kí ẹnu rẹ̀ sì máa fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta, kì í ṣe èyí tí ó ti gbóná lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ fílítà náà dànù pé kí ọkọ̀ lè sáré. Erùpẹ̀ tí ó bá wọlé yóò máa ha sílíńdà bí ìgbà tí a fi yanrìn fọ ìkòkò. Nínú ohun gbogbo tí a lè fi owó díẹ̀ rà, kò sí èyí tí èrè rẹ̀ tó eléyìí.

Èkejì, epo. Kí a pààrọ̀ fílítà epo, kí a máa tú omi tí ó bá sun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì tí omi wà nínú rẹ̀ ń ba pọ́ǹpù jẹ́. Kí a kó àwọn nọ́sùlù, ìyẹn ẹnu kékeré tí ń tú epo sí inú sílíńdà, lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán wọn wò. Nọ́sùlù rere a máa tú epo bí ìrì. Èyí tí ó ti gbó a máa kán an bí omi òrùlé tí ń jò. Kí a sì wo àkókò tí pọ́ǹpù ń tú epo, àti àlàfo àwọn fáàfù.

Nígbà tí a bá ti ṣe méjèèjì yìí, kí a wo èéfín. Bí ó bá ṣì dúdú, epo ṣì ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, epo kan ń jáde láìjó tàbí kí omi máa wọ sílíńdà. Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó, àwọn òrùka písítìnì sì lè ti jẹ. Ẹni tí ó bá rí èéfín aláwọ̀ aró kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tọ́bò mọ́ rárá. Kí ó lọ tún inú ẹ́ńjìnì ṣe.

Ẹ̀kẹta, ìtutù. Kí a fọ ráàdíétọ̀ nínú àti lóde, kí a wo bẹ́líìtì fáànù, kí a sì dá tẹmọsítáàtì padà sí ipò rẹ̀ bí ẹnìkan bá ti yọ ọ́. Ohun kékeré náà ni í ṣọ́ omi kí ẹ́ńjìnì má baà tutù jù, kí ó má sì gbóná jù. Kí géèjì ooru máa ṣiṣẹ́. Bí agbára bá sì wà, kí a fi géèjì kan sí ọ̀nà èéfín tí yóò máa sọ bí èéfín ti gbóná tó, nítorí pé géèjì omi a máa pẹ́ kí ó tó sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí písítìnì.

Ẹ̀kẹrin, nígbà náà ni kí a tó sọ̀rọ̀ tọ́bò. Kí ó jẹ́ èyí tí a ṣe fún irú ẹ́ńjìnì náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó bá a rìn. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìdíwọ̀n tún pọ́ǹpù ṣe fún un, kí ó má ṣe jẹ́ pé etí ni a fi ń gbọ́ ọ. Kí a wo kílọ́ọ̀ṣì bóyá yóò lè gba agbára náà. Kí a sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé. Kí àdéhùn sì wà nínú ilé pé ẹrù kò ní í pọ̀ sí i.

Ìmọ̀ràn wa kan ṣì kù, ti akọ̀wé ni. Ẹ ra ìwé kékeré kan sí inú ọkọ̀. Ṣáájú kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ iye ẹrù, iye lítà epo tí ọkọ̀ jẹ láti Ifẹ̀ dé Adó, jíà tí ó fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n, àti àwọ̀ èéfín rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù kan náà. Ẹni tí ó bá ṣe ohun mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan kò ní í mọ èyí tí ó ràn án lọ́wọ́, tàbí èyí tí ó jẹ owó rẹ̀ gbé. Bí ẹ bá ti dé ìgbésẹ̀ kẹta, ó ṣeé ṣe kí ọmọ rí i pé ọkọ̀ ti fi jíà tí ó ga ju ti àtijọ́ gun òkè náà, kí baba sì rí i pé owó ilé ìwé ṣì wà nínú àpótí. Bí ìwé náà bá sì fi hàn pé agbára kò tíì tó síbẹ̀, ọmọ yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ láti fi bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ní í jẹ́ ìfẹ́ ọkàn lásán mọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Kí baba má ṣe fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọmọ má sì ṣe pe ìṣọ́ra ìyá rẹ̀ ní ojo. Kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n to owó náà lẹ́sẹẹsẹ: ìdádúró, mímí, jíjẹ, ìtutù, lẹ́yìn náà agbára. Ilé tí ó bá tẹ̀ lé ètò yìí, ọkọ̀ rẹ̀ yóò gòkè, yóò sì sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ yóò sì bá wọn jẹun alẹ́ nílé.